Ọ̀nà Ọ̀fun, Ọ̀nà Ọ̀run: Ìtàn Èèpo tí Àwa Ẹ̀gbá Bó Dànù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ohun tí òwe yìí ń sọ kò ju pé kí ọmọdé má ṣe ọ̀kánjúwà nídìí oúnjẹ lọ. Nísinsìnyí tí ewú ti ń yọ lórí mi, mo rí i pé ìtàn odindi ìlú kan lè fara pamọ́ sínú òwe kan ṣoṣo. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí jẹ mọ́ ohun tí àwa ọmọ Ẹ̀gbá ń gbé gba ọ̀nà ọ̀fun láti ìgbà tí a ti tẹ Abẹ́òkúta dó, àti bí ohun tí a ń bó dànù lára oúnjẹ ṣe padà di ohun tí a ń fi owó ńlá rà.

Ọjà Kútọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé Kútọ̀ ni pápá ìṣeré tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè wà, ibẹ̀ náà ni gbọ̀ngàn àṣà tí wọ́n sọ ní June 12 wà, ọjà sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú ariwo àwọn awakọ̀ àti àwọn èrò. Mo dúró níwájú ìyá kan tí ó ń ta ìrẹsì. Abọ́ ńlá méjì ni ó gbé kalẹ̀. Ìrẹsì inú ọ̀kan funfun kinniwin, ó gùn, ó ń dán. Èyí tí ó wà nínú èkejì kúrú, ó sì ní ìlà pupa pupa lára. Mo kí i pé, "Ìyá, ẹ kú ọrọ̀ ajé o." Ó ní, "Oò, ọmọ mi." Mo bi í ní iye tí ó ń ta kóńgò kọ̀ọ̀kan. Iye tí ó pe ọ̀fadà ju ti ìrẹsì funfun lọ dáadáa. Ẹnu yà mí. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìrẹsì tí àwọn bàbá wa fi ń bọ́ alágbàṣe lóko ni àwọn olówó ń gbé mọ́tò wá rà báyìí. Wọ́n ní dókítà ló ní kí àwọn máa jẹ ẹ́ kí ikùn lè fà."

Mo ra kóńgò kan, mo sì ń lọ sílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó rán mi létí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tí àwa ọmọ ń pè ní Ìyá Àgbà. Obìnrin náà sanra, ó fi bẹ́ẹ̀ sanra tí ó jẹ́ pé ibi gbogbo tí ó bá yà ni wọ́n ti ń kí i pé ara rẹ̀ dá, pé owó ń bẹ nílé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyìn ni "o mà ti sanra o" jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ti ìrìn àjò dé tí a sọ fún pé ó ti rù, ojú rẹ̀ yóò rẹ̀wẹ̀sì. Àtọ̀gbẹ ni ó dé bá Ìyá Àgbà. Wọ́n fún un ní oògùn ní ilé ìwòsàn kan, wọ́n sì fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ orúkọ oúnjẹ sí: oats, búrẹ́dì oníyangbò, ápù, àti ẹ̀fọ́ kan tí n kò rí rí ní ọjà wa. Ó ní kí n kà á fún òun. Nígbà tí mo kà á tán, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ṣé ebi ni wọ́n wá ní kí n máa jẹ ni?" Ó ká ìwé náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì ń jẹ fùfú rẹ̀ lọ bí ó ti ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ó papò dà. N kò sọ pé ìwé ni ó pa á. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sí ẹni tí ó bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ní orúkọ tí ó fi mọ oúnjẹ. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ lórí orúkọ. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní fáíbà ni apá ara ewé, hóró, èso àti gbòǹgbò tí ìfun kékeré ènìyàn kò lè dà. Yorùbá kò ní orúkọ kan ṣoṣo fún un, ṣùgbọ́n a ní orúkọ fún oríṣiríṣi rẹ̀ bí ó ti ń bá wa pàdé ní ilé ìdáná. Èèpo ni a ń pè é lára ẹ̀wà. Èèrí ni a ń pè é nígbà tí a bá sẹ́ ògì tán tí ó ṣẹ́kù sínú asẹ́. Okùn ni a ń pè é láàárín ẹ̀gẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: gbogbo orúkọ wọ̀nyí, orúkọ ohun tí a fẹ́ dà nù ni. Ewúrẹ́ ni a ń da èèrí fún. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti dá ohun náà lẹ́jọ́ kí dókítà kankan tó dé.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé gbogbo ohun tí àwọn baba ńlá wa jẹ ni ó kún fún fáíbà, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ àwọn ìyá wa ni ó ń sẹ́ ògì tí ó ń jọ̀lọ̀. Ọwọ́ wọn ni ó ń bó ẹ̀wà kí ó tó di àkàrà, mọ́ínmọ́ín tàbí gbẹ̀gìrì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan náà ni ó ń se ẹ̀gbo, tí a kì í sẹ́. Ọwọ́ náà ni ó ń se àdàlú, tí ẹ̀wà àti àgbàdo inú rẹ̀ wà pẹ̀lú èèpo wọn. Ọwọ́ náà ni ó ń ja ewédú, tí ó ń rẹ́ ilá, tí ó ń ro ẹ̀fọ́ tí ewé rẹ̀ pọ̀ ju epo rẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí ó jọ̀lọ̀ àti oúnjẹ tí ó le ń pàdé nínú àwo kan náà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yìí gan-an ni ogún tí a jẹ.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé oúnjẹ tí a ń pè ní ti ìbílẹ̀, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àlejò tí ó pẹ́ títí ó fi di onílé. Iṣu, ẹ̀wà àti ilá ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, àwọn Potogí ni ó sì gbé wọn dé etí òkun wa. Ọkà bàbà ni ó wà kí àgbàdo tó dé. Ìrẹsì ńkọ́? Orúkọ rẹ̀ ti tú àṣírí rẹ̀. Ohun tí ó bá ti wà pẹ̀lú wa láti àtètèkọ́ṣe kì í jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrẹsì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí búrẹ́dì ti jẹ́. Ìrẹsì ti ilẹ̀ Áfíríkà wà ní tòótọ́, ní àgbègbè òkè odò Ọya lọ́nà Mali ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń gbìn ín ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, ṣùgbọ́n láàárín àwa Ẹ̀gbá kò fi ìgbà kan jẹ́ oúnjẹ ìpìlẹ̀ bí iṣu.

Ní ọdún 1830 ni Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti fọ́ ìlú wọn wá sí abẹ́ Olúmọ. Ìlú tí ó ń sá fún ogun kì í rí àyè gbin iṣu tí ó ń fẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ yàtọ̀. Ó ń hù ní ilẹ̀ tí kò dára tó bẹ́ẹ̀, ó sì lè dúró nínú ilẹ̀ pẹ́ títí tí olówó rẹ̀ yóò fi wá wà á. Láti ọdún 1839 lọ ni àwọn Sàró bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé láti Sàró, àwọn míràn sì ń ti Bràsíìlì bọ̀. Àwọn onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn tí ó ti òkèèrè dé wọ̀nyí wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n ṣíṣe ẹ̀gẹ́ ká ilẹ̀ wa. Henry Townsend, òjíṣẹ́ ìjọ CMS, kọ́kọ́ wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní ọdún 1843. Ní 1846 ni òun àti Samuel Ajayi Crowther wá jókòó síbẹ̀. Ìlú tí wọ́n bá kì í ṣe ìlú tí ebi ń pa.

Láfún ni Ẹ̀gbá wá fi ṣe àmì ìdánimọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ tí ìlú ńlá ti bí. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan. A ó fún omi rẹ̀ dànù, a ó fa okùn àárín rẹ̀ yọ, a ó sì sá a sórí àpáta. Abẹ́òkúta kò ṣaláìní àpáta, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti wí. Oòrùn tí ó ń pa àpáta náà ni ilé iṣẹ́ wa. Nígbà tí ó bá gbẹ, a ó ha ara rẹ̀ tí ó dúdú kúrò, a ó lọ̀ ọ́, a ó kù ú. Rírẹ tí a rẹ ẹ́ yìí kì í ṣe fún adùn nìkan: òun ni ó ń mú kí májèlé inú ẹ̀gẹ́ dínkù. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fún ara wa, lẹ́yìn tí okùn bá ti jáde tí a sì ti kù ú, ohun tí ó kù nínú láfún pọ̀ jù lọ jẹ́ sítáàṣì. Ọbẹ̀ ewédú, ẹ̀fọ́ àti ẹja tí a fi ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú ọkọ́ tí ẹni tí ó jẹ ẹ́ yóò gbé ní oko títí di ìrọ̀lẹ́, ni ó jẹ́ kí láfún ṣe ara lóore.

Ọkọ̀ ojú irin tún wá yí ọ̀rọ̀ padà. Ní 1901 ni wọ́n ṣí ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta kọjá. Ohun tí ó bá ti òkun dé Èkó lè dé Láfẹ́ńwá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní 1913, ọmọ Jàmáíkà kan tí ń jẹ́ Amos Shackleford wá sí Èkó láti ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ojú irin. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì di gbajúmọ̀ nínú iṣẹ́ náà jákèjádò orílẹ̀-èdè. Báyìí ni ìyẹ̀fun àlìkámà funfun tí a ti gba èèpo lára rẹ̀ ṣe di oúnjẹ òwúrọ̀ àwọn akọ̀wé, àwọn tíṣà àti àwọn ọmọ ilé ìwé. Ẹni tí ó ń jẹ búrẹ́dì ni ó lajú. Ẹni tí ó ń jẹ ẹ̀gbo, ará oko ni.

Ìrẹsì ní tirẹ̀ ti ta gbòǹgbò ní àwọn ilẹ̀ àbàtà ní ìhà Ọ̀fadà àti Mókólokí, ní agbègbè tí a ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé lónìí. Ìlú Ọ̀fadà ni ó fún un ní orúkọ. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì ni ìrẹsì yìí wọ inú ìtàn òṣèlú wa. Ìjọba ń díye lé oúnjẹ, ó sì ń wá oúnjẹ fún ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1944 sí 1945, àwọn obìnrin ọlọ́jà ní Abẹ́òkúta fi ẹjọ́ sùn pé wọ́n ń gba ìrẹsì àwọn ní tipátipá. Àwọn tí wọ́n fi ẹjọ́ sùn ni ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti jẹ́ olórí rẹ̀. Títí di ìgbà náà, àwọn obìnrin tí ó kàwé ni ó pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n gba ẹjọ́ ìrẹsì rò, wọ́n kọ ìwé, wọ́n lọ bá àwọn aláṣẹ, gbígba ìrẹsì náà sì dáwọ́ dúró. Ní 1946 ni ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí obìnrin ọlọ́jà àti obìnrin akàwé jùmọ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ mọ ìyókù: wọ́n tú jáde nítorí owó orí ní 1947, ọ̀rọ̀ náà sì le títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí àpèrè ní oṣù kìíní ọdún 1949, kí ó tó padà ní 1950. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ránti owó orí. Díẹ̀ nínú wa ni ó ń ránti pé abọ́ ìrẹsì wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Lẹ́yìn òmìnira, owó epo rọ̀bì dé ní àwọn ọdún 1970. Ìrẹsì tí wọ́n ti bọ̀, tí wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ ha títí ó fi funfun, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkè òkun. Ohun tí a ń jẹ ní Kérésìmesì àti ní Ọjọ́ Àjíǹde di ohun tí a ń jẹ lójoojúmọ́. Ọ̀fadà ní òórùn, ó ní òkúta tí ó lè ṣẹ́ eyín, sísẹ̀ rẹ̀ sì pẹ́. Ìrẹsì funfun kò ní ìkankan nínú ìyọnu wọ̀nyí. Ìjọba fòfin de ìrẹsì òkèèrè ní 1985, wọ́n sì mú òfin náà kúrò ní 1995. Wọ́n fòfin de àlìkámà ní 1987, òun náà padà wọlé ní 1992. Òfin lè ti ẹnu ibodè, kò lè ti ẹnu ènìyàn. Adùn náà ti wọ̀ wá lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ tiwa dé nìyí nígbà tí àwọn oníṣègùn òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwo oúnjẹ Áfíríkà. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Ireland, ti ṣiṣẹ́ ní Uganda fún ọdún púpọ̀. Hugh Trowell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn àrùn tí ó kún ilé ìwòsàn ní ìlú wọn kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará oko Áfíríkà. Ṣáájú wọn, dókítà ọmọ ogun ojú omi kan tí ń jẹ́ Thomas Cleave ti sọ ní 1966 pé ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun ni ó ń dá ọ̀pọ̀ àrùn sílẹ̀. Ní 1972, Burkitt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí bí oúnjẹ ti ń pẹ́ tó nínú ìfun, wọ́n rí i pé ti àwọn ará oko Áfíríkà tètè ń jáde, ó sì pọ̀. Àwọn ènìyàn fi Burkitt ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbọ̀nsẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọ ni ìwádìí tí ó tẹ̀lé e gbè, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò yẹ̀.

Ìwádìí tí ó sún mọ́ wa jù wáyé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn olùwádìí láti Ìbàdàn àti láti Yunifásítì Loyola ní Chicago wo ẹ̀jẹ̀ ríru láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Igbó-Ọrà, ní ilẹ̀ Ìbàràpá tí ó bá Ẹ̀gbá pààlà, wà lára àwọn ibi tí wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1997 ni pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà, nǹkan bí 16 ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Karíbíà, 33 ní Amẹ́ríkà. Bí ara ti ń wúwo sí i láti Igbó-Ọrà dé Chicago ni ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i. Ìran kan náà ni, àwo oúnjẹ ni ó yàtọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sọ pé iṣẹ́ oko ni, kì í ṣe oúnjẹ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2009, Amy Luke, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí míràn jáde. Wọ́n wo obìnrin 149 ní ìgbèríko Nàìjíríà àti obìnrin aláwọ̀ dúdú 172 ní agbègbè Chicago. Àwọn obìnrin ilé wọn nǹkan bí kílò 58 ní ìpíndọ́gba. Àwọn ti Chicago wọn nǹkan bí kílò 83. Nígbà tí wọ́n ṣírò agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò fún iṣẹ́ ara ní ọjọ́ kan, tí wọ́n sì ro bí ara ti tóbi tó mọ́ ọn, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Àwọn olùwádìí náà wá tọ́ka sí oúnjẹ: oúnjẹ àwọn obìnrin ilé kún fún fáíbà, ọ̀rá inú rẹ̀ kò pọ̀; ti Chicago kún fún ọ̀rá àti oúnjẹ ilé iṣẹ́. Iṣẹ́ ara dára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á tì. Ṣùgbọ́n ọkọ́ nìkan kò lè gba ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ̀.

Báwo ni fáíbà ti ń ṣe é? Oríṣi kan wà tí ó ń yọ̀ nínú omi, irú èyí tí ó mú kí ewédú àti ilá máa fà. Ó ń mú kí oúnjẹ rọra kúrò nínú ikùn, kí ṣúgà má baà sáré wọ inú ẹ̀jẹ̀, kí ebi sì pẹ́ kí ó tó padà. Oríṣi kejì kì í yọ̀, irú èèpo ọkà. Òun ni ó ń mú kí ìgbẹ́ rọrùn. Nígbà tí wọ́n bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí tí ń gbé ibẹ̀ máa ń jẹ lára wọn, wọ́n sì ń fi ohun tí ó ṣe ara lóore san án padà. Yàtọ̀ sí èyí, oúnjẹ tí fáíbà bá pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń kún inú kí ó tó kún ara. Ní 2019, àwọn onímọ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ nínú ìwé ìròyìn Lancet, wọ́n rí i pé ara àwọn tí ó ń jẹ fáíbà dáadáa fúyẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ, ikú àìtọ́jọ́ sì dínkù láàárín wọn. Díẹ̀ ni mo wí o. Kì í ṣe idán. Ní 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ ó kéré tán gíráàmù 25 fáíbà lójúmọ́, láti ara oúnjẹ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ọjà Kútọ̀ wọn ọ̀n. Gíráàmù 100 ìrẹsì funfun tí a ti sè, fáíbà inú rẹ̀ kò tó gíráàmù 1. Ìrẹsì tí èèpo inú rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní nǹkan bí 2. Gíráàmù 100 ẹ̀wà sísè, tí a kò bó, lé ní 6. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀fadà sàn ju funfun lọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wà tí kò ní orúkọ ńlá, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé mọ́tò ńlá wá rà, ni ó jù wọ́n lọ. Àti pé ọ̀fadà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ha títí ìlà pupa rẹ̀ fi tán, orúkọ ni ó kù lára rẹ̀. Bí a bá sì wá gbé e kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ata tí epo léfòó lórí rẹ̀ bí odò Ògùn ní àkókò òjò, kí ẹni tí ó fẹ́ kí ikùn fà má ṣe dá dókítà lẹ́bi.

Àwọn ará Japan ni ó kọ́kọ́ fi òfin ya irú oúnjẹ kan sọ́tọ̀, ní 1991, pé ó ń ṣe iṣẹ́ kan fún ìlera ju pé kí ó kàn yó ènìyàn lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ayé ń ta oúnjẹ inú páálí tí wọ́n kọ ìlérí sí lára. Èrò náà kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tí ó se ọbẹ̀ ewúro fún ọkọ rẹ̀ kò rò pé oúnjẹ nìkan ni òun ń sè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé a ó tún ra ọgbọ́n wa padà nínú páálí. A bó èèpo dànù nítorí pé a fẹ́ jọ ọ̀làjú; wọ́n ń dì í padà wá fún wa báyìí ní iye tí tálákà kò lè san. Àwọn ìyá wa jà ní 1944 kí ẹnikẹ́ni má baà gba ìrẹsì lọ́wọ́ wọn. Lónìí, kò sí ọlọ́pàá kankan ní ìdí abọ́. Owó ni ó ń gba ọ̀fadà kúrò lọ́wọ́ ọmọ ẹni tí ó gbìn ín.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fadà nìkan kò tó. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1988 ti ṣe ìwádìí lórí láfún àti ọ̀fadà. Ó yẹ kí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ń tajà ní Kútọ̀ ní èdè tí ó ń fi ná ọjà. Bí mo bá lè yí ọwọ́ aago padà, ìwé míràn ni ǹ bá kọ fún Ìyá Àgbà. Ǹ bá kọ ọ́ pé: "Ìyá, ẹ dín òkèlè kù sí ìdajì, kí ẹ̀fọ́ àti ewédú gba ààyè ìdajì kejì. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbo padà wá sínú ilé. Ẹ dín epo kù. Ẹ máa rìn dé ọjà. Ẹ má sì fi oògùn yín sílẹ̀." Kò sí ohun kan nínú rẹ̀ tí kò mọ̀, kò sì sí ohun kan tí kò lè rà. Oríṣiríṣi ara ni ó wà, nítorí náà kí ẹni tí ó bá ní àìsàn bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó yí oúnjẹ padà; ṣùgbọ́n kí ó sọ orúkọ oúnjẹ rẹ̀ fún dókítà, kí dókítà sì fi orúkọ náà dá a lóhùn.

Mo se ọ̀fadà tí mo rà ní Kútọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo ṣa òkúta inú rẹ̀ bí ìyá mi ti ń ṣa á, mo sì fi ẹ̀wà díẹ̀ sí i. Nígbà tí òórùn rẹ̀ gba ilé kan, ọmọ mi obìnrin yọjú sí ilé ìdáná, ó ní, "Bàbá, kí ló ń rùn báyìí?" Mo ní kí ó jókòó, kí n sọ ìtàn kan fún un. Ìtàn náà ni mo sọ fún ẹ̀yin náà yìí. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ìlera ń gbà wọlé.